Àpò Fèrè Tí A Fi Aṣọ Òjò Ọlọ́kadà Ṣe

Nígbà tí ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́ láìlo awò, ìjókòó ọ̀kadà ni mo ń rán ní Ìkòtún. Ẹ̀yin ò lè mọ bí ọ̀kadà ṣe pọ̀ tó nígbà yẹn. Lónìí ńkọ́? Wọ́n ti lé wọn lójú títì... Ẹ gbọ́, kò sí ìjókòó tí wọ́n gbé wá tí apá mi ò ká. Wọ́n á ní, "Ẹ gbé e lọ bá Bàbá Ráfíù, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tó bá rán kì í tú." Ìyẹn gan-an ló fẹ́ dójú tì mí.

Bàbá kan wà ní Gowon Estate, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Sájẹ́ǹtì là ń pè wọ́n. Inú ẹgbẹ́ olórin àwọn sójà ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, fèrè alápò ni wọ́n sì ń fun. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Àpò ńlá kan ni, abẹ́ apá ni wọ́n ń há a sí. Wọ́n á fi igi kan fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á máa fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́, igi mẹ́ta á máa kùn léjìká, ọmọ ìka á máa ṣeré lára ọ̀kan tó kù. Èmi náà ò rí i rí kí wọ́n tó gbé e wá.

Ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n wá, ojú wọn pọ́n. Wọ́n tú ẹrù wọn sílẹ̀. Awọ ni àpò yẹn, eku sì ti jẹ ẹ́, igi nìkan ló kù. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn ti kú, Bàbá Kọ́púrà tó ń gbé ní Egan. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń fun fèrè ní bárékè, wọ́n sì ti ṣe àdéhùn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, èkejì á fun fèrè fún un létí sàréè. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú.

Wọ́n ní, "Bàbá Ráfíù, bí mi ò bá fun fèrè yìí, irọ́ ni mo pa fún òkú."

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Kò sí awọ tó máa gbẹ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Mo wá rò ó, ohun tí omi ò lè gbà wọlé, ṣé atẹ́gùn á gba ibẹ̀ jáde ni? Mo mú aṣọ òjò ọlọ́kadà, èyí tó nípọn, tó pọ́n bí ìyeyè, tí inú rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Mo gé e, mo rán an lẹ́ẹ̀kan, mo rán an lẹ́ẹ̀mejì, mo tún rán an lẹ́ẹ̀kẹta kó lè le dáadáa. Mo wá fi ọgbọ́n tèmi kún un... ẹ má rẹ́rìn-ín ṣá. Mo tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìjókòó wo ni mo rán rí tí mi ò fi fóòmù sí?

Ọjọ́rú, Bàbá Sájẹ́ǹtì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọ́n fẹ́ ẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Àpò ò kún. Ó ké lẹ́ẹ̀kan bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó dákẹ́. Ìyàwó mi sáré jáde láti ẹ̀yìn, ó ní ta ló ń pa ẹran. Mo ní ìlà abẹ́rẹ́ ni ò tíì tó, mo bá tún rán ìlà méjì lé e. Ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lásísì ló ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ Ìbàdàn, ẹgbẹ́ mi ni. A ò kí ara wa fún oṣù mẹ́jọ, nítorí àlòkù táyà tó ń tò dí mi lójú ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó, ó ń wò wá. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ atẹ́gùn ni iṣẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n lọ bá Lásísì? Èmi? Lọ́jọ́ wo?

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Bàbá Sájẹ́ǹtì tún dé. Wọn ò bínú o. Wọ́n kàn di fìlà wọn mú, wọ́n ní ó dáa náà, àwọn á kàn lọ dúró létí sàréè lásán. Ó dùn mí dé inú eegun. Mo gbé àpò, mo rin ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ bá Lásísì, àfi bíi pé mo fẹsẹ̀ rìn dé Dopemu.

Mo ní, "Lásísì, àpò yìí ń jò."

Ó so àwọn ojú ihò rẹ̀, ó ki ẹnu pọ́ǹpù bọ̀ ọ́, ó rì í sínú ọpọ́n omi. Omi ń hó. Gbogbo ibi tí mo rán pátá ló ń hó.

Ó ní, "Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà, ihò ni. Ihò lo ń rán láti ìjẹta."

Ó wá ní kí ló dé tó wúwo báyìí? Ó fi abẹ ya á, fóòmù jáde. Ó wo fóòmù, ó wò mí. Mo ní kí apá Bàbá má bàa máa ro wọ́n ni. Ẹ gbọ́, ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi ré bọ́ lórí táyà. Mo fẹ́ bínú... èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Sájẹ́ǹtì náà rẹ́rìn-ín, tọ̀fọ̀tọ̀fọ̀. Ibẹ̀ ni ìjà parí sí.

A gé aṣọ òjò mìíràn. Lásísì ò jẹ́ kí n mú abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn. Ó ha etí rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù táyà lẹ̀ ẹ́, ó fi awẹ́ túùbù bo ojú ibi tó lẹ̀, ó sì fi okùn túùbù di igi mọ́ ọn gírígírí. A tún rì í sómi, omi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ̀wù tí àpò máa wọ̀ nìkan ló ní kí n rán, aláwọ̀ ewé, bí aṣọ sójà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a kírun Jímọ̀ tán, èmi àti Lásísì gba Egan lọ. Bàbá Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè. Gọ́ọ̀mù ń rùn débi pé pásítọ̀ fọwọ́ dímú. Orin ò tíì dé ìdajì tí Bàbá fi wo inú sàréè. Ẹnu wọn yọ kúrò lára igi. Ẹkún ti dé. Mo ní, ó parí.

Fèrè ò dákẹ́. Ẹkún ń gbọ̀n wọ́n, ìgúnpá wọn ń tẹ àpò, ìka wọn ń ṣiṣẹ́, èémí tó ti wà nínú aṣọ òjò yẹn ń kọrin lọ títí wọ́n fi rí ẹnu fẹ́ òmíràn sí i. Omi bọ́ lójú èmi náà. Lásísì fi ìgúnpá tọ́ mi.

Ó ní, "Kò jò."

Ẹ̀yin ọmọ ayé ìsinsìnyí, tí ẹ bá bá ara yín jà, ẹ̀ ń dí nọ́ńbà ara yín pa lórí fóònù, ó di gbére... Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ tètè lọ kí i, jàre. Díẹ̀ báyìí ló kù kí òkú lọ láìgbọ́ fèrè, nítorí àlòkù táyà.