Oṣù Ayọ̀ Tí Mo Fi Bo Ikú Miriam Mọ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé oṣù ayọ̀ àwọn Júù ti wọlé, èmi náà sì gbé ìròyìn ikú pamọ́ títí oṣù náà fi parí. Ọ̀rọ̀ yìí ti tó ọdún kan láyà mi. N kò sọ fún ìyàwó mi, n kò sọ fún lèmọ́mù wa. Ìgbà tí oṣù náà tún wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni n kò lè gbé e mọ́.

Peckham nílùú Òyìnbó níbí ni mò ń gbé. Iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe: mò ń lọ wẹ àwọn arúgbó nílé wọn, mò ń fún wọn lóúnjẹ àti oògùn. Ọ̀kan nínú wọn ni Bàbá Reuben tó ń gbé ní East Dulwich. Júù ni wọ́n, Mùsùlùmí ni mí, a sì mọwọ́ ara wa. Àwọn ló kọ́ mi pé ṣíbí tí a fi bu ẹran kò gbọdọ̀ kan wàrà. Ìyàwó wọn ti kú, wọn kò bímọ. Miriam ẹ̀gbọ́n wọn nìkan ló kù, tí òun àti Hannah ọmọ rẹ̀ wà ní Manchester.

Lọ́jọ́ tí oṣù náà wọlé lọ́dún tó kọjá, Bàbá sọ fún mi pé òfin ni kí Júù fi kún ayọ̀ rẹ̀ nínú oṣù yìí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé ṣé òfin ni wọ́n fi ń mú èèyàn yọ̀ ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, torí pé ìbànújẹ́ á máa wá fúnra rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Bàbá wà nínú balùwẹ̀, èmi ni mo gbé fóònù ilé. Hannah ni. Ó ní ìyá òun ti kú, ọ̀la ni wọn yóò sin ín, kí n sọ fún Bàbá kí wọ́n pe òun. Mo ní ó dáa. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo ń gbọ́ tí Bàbá ń kọrin nínú omi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò díẹ̀. Nílé wa l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹnì kan kì í dá lọ túfọ̀ fún àgbàlagbà. Àwọn àgbà mẹ́ta, mẹ́rin ni yóò wọlé, wọn yóò jókòó, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí pé ara ẹni náà kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀ o, èmi àti táwẹ̀lì. Mo bá rántí oṣù ayọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n ba oṣù ẹlẹ́sìn jẹ́. Èmi tí n kò ka ojú ewé kan rí nínú ìwé wọn, mo di olùkọ́ òfin lójijì.

Hannah tún pè lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní Bàbá ti gbọ́, pé wọn kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó sunkún. Kò pè mọ́.

Ní àárín oṣù náà ni ọdún wọn tí wọ́n fi ń ṣàríyá bọ́ sí. Bàbá dé adé bébà, wọ́n ní kí n gbé kéèkì onígun mẹ́ta lọ fún àwọn aládùúgbò. Nígbà tí mo dé, wọ́n ní kí n bá àwọn pe Miriam, kí àwọn kí i kú ọdún. Ojú ń tì mí láti kọ èyí. Nọ́ńbà ara mi ni mo tẹ̀ lórí fóònù ilé. Fóònù mi ń gbọ̀n nínú àpò ṣòkòtò, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan. Mo ní kò gbé e. Bàbá ní bóyá ó ń jó ni.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọjọ́ kí n tó sọ. Níbẹ̀ náà mo tún parọ́. Mo ní Hannah ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni. Bàbá béèrè ọjọ́ tí wọ́n sin ín, mo sọ ọ́. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí àpótí kékeré kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ méje ni àwọn Júù fi ń jókòó ṣọ̀fọ̀, tí àwọn èèyàn wọn á máa wá bá wọn jókòó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí kan, Bàbá na ọwọ́ kí n gbé àwọn dìde. Wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́ ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, wákàtí kan péré ni òfin fún un. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni mò ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ méje wọn ni mo gbà.

Láti ìgbà náà, Bàbá kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Hannah, ẹni tí wọ́n rò pé ó fi ikú ẹ̀gbọ́n wọn pamọ́ fún wọn. Hannah náà rò pé àbúrò ìyá òun kò bìkítà. Ẹbí méjì péré ni wọ́n, èmi ni mo là wọ́n níyà.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì Bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn mi kò jẹ́ kí n balẹ̀ dáadáa. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá wá dá mi lóhùn:

"Wákàtí kan ni mo fi ṣọ̀fọ̀ Miriam. Òfin ní kí n dìde, mo dìde, mo sì tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbínú tí mo ní sí ọmọ rẹ̀, mo ti jókòó sínú rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, kò sẹ́ni tó ní kí n dìde. Ayọ̀ wo lo wá bá mi tọ́jú?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ bá mi tọrọ àforíjì. Mo fẹ́ bi yín bóyá lẹ́tà ni kí n kọ sí Hannah, torí ẹ̀rù ohùn rẹ̀ ń bà mí. Mo ti kọ́kọ́ bi Bàbá, mo tiẹ̀ ní mo lè fi káàdì tó rẹwà sí i. Wọ́n gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní:

"Pè é. Tó bá ń bú ẹ, jẹ́ kó bú ẹ tó. Tó bá ti bú ẹ tán, sọ fún un pé kó máa bọ̀ wá bá mi ṣọdún."