Àga Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Alága wa, tí ẹ tún jẹ́ ọlọ́lá tó ń darí ìgbìmọ̀ ètò ìlera, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin aṣòfin ọ̀tún àti òsì, tí ẹ jókòó pọ̀ níbi ìdágbére mi lónìí nítorí pé oúnjẹ wà, ẹ̀yin tí a jọ ń kọ àbá òfin, ìyàwó mi, tó ti ń wo aago, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o.

Olùkọ́ ni mí kí n tó wá síbí. Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń pariwo láìkàwé, àṣé àwọn tó wọ ẹ̀wù kóòtù ló kù. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ara yín.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ọ́fíìsì mi. Àwọn ló kọ́ mi ní àṣà kan: àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa, a kì í jókòó sí i lásán. Bí a bá kọ àbá òfin tán, ẹnì kan á jókòó síbẹ̀, á di ẹni tí òfin náà máa dé bá. A ti di awakọ̀ níbẹ̀, a ti di ẹlẹ́wọ̀n. Akọ̀wé àgbà wa di opó lọ́jọ́ kan, ó sunkún débi pé a tún òfin ogún kọ látòkèdélẹ̀.

Àbá òfin oyún ṣíṣẹ́ nìkan ni kò dé orí àga yẹn. Wọ́n ní kò sáyè. Àyè iyàn ṣáà wà! Àwọn kan ní kí dókítà má fọwọ́ kan oyún àfi bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú "ewu tó dájú". Àwọn kan ní kí a kọ "ewu tí dókítà rí pé ó ń bọ̀". Ọlọ́lá kan fi odindi ọ̀sán gbèjà "tó dájú", bó ṣe jókòó báyìí, ó sọ sí mi létí pé, "Tíṣà, àbá òfin wo la wà lórí ẹ̀ ná?" N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ń jẹun lọ́wọ́.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí ọ̀rọ̀ náà bá fẹ̀ jù, ẹ̀mí ọmọ á di yẹpẹrẹ. Ẹ̀rù òmùgọ̀ kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin, dókítà ni, bi mí pé: "Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló máa sọ fún mi pé ó ti dájú? Ṣé adájọ́ ni, àbí pósí?" Ọ̀la lẹ máa dìbò. Bí "tó dájú" bá wọlé, òun ló máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀wọ̀n lápá kan, òkú lápá kejì.

Alága wa, ẹ fún mi ní aago ògiri, mo dúpẹ́. Èmi náà gbé ẹ̀bùn wá. Ẹ bá mi gbé àga yẹn bọ̀ níwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju ìyókù lọ, kí ẹni tó bá jókòó má baà sùn. Alága wa, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ni dókítà, èmi ni ọkọ. Oyún oṣù mẹ́rin ni. Omi oyún ti tú, ara ìyàwó mi ń gbóná, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ ń bú mi. Dókítà, ṣé ó ti dájú, àbí ká padà wá lọ́la?

Ẹ má kánjú. N kò mọ ohun tí ẹ máa sọ, ó sì ń wù mí í gbọ́ ju kí n relé lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ má kọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ronú.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lè bá yè. Kí ilé yín tutù, kí ìdágbére tiyín náà yẹ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Sà, ẹ má tíì dìde.