Eérú Tí Mo Gbé Wá Láti Ilé

Ẹ jẹ́ kí n dìde. Tíṣà, ẹ má di apá mi mú, ẹsẹ̀ mi ṣì gbé mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, a kì í jókòó sọ ọ́. Ẹ ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí òtítọ́, nítorí òtítọ́ ni ìwà tí ilé ìwé wa ń kọ́ ní àsìkò Lẹ́ńtì, bí sùúrù ṣe jẹ́ ti àsìkò tí à ń retí Kérésìmesì. Ẹ tún pè mí ní Ìyá Òótọ́, orúkọ tí wọ́n ti ń pè mí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà níbí. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀. Báwo ni kò ṣe ní rẹ̀ ẹ́? Ẹrù tó ń gbé kò fúyẹ́. Òpùrọ́ ni mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ, mi ò ṣàwàdà.

Gbogbo yín lẹ mọ Dìde-o-wí. Ní ọjọ́ Ẹtì nínú Lẹ́ńtì, ẹni tó bá ṣẹ̀ nínú yín á dìde lẹ́bàá àgbélébùú, á sọ ohun tó ṣe, ẹ̀yin yòókù á dáhùn pé, "A ti gbọ́, ó ti tán," ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ nà án tàbí fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà náà, ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú ilé ìwé yìí, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ là ń pè é, torí gbogbo kọ́kọ́rọ́ ló so mọ́ ìbàdí, ẹ ó ti gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i. Bó bá gbálẹ̀ tán, á fa sìgá kan lẹ́yìn ilé àdúrà. Fadá bá a wí títí, ó ní, "Fadá, mo ti fi ọtí sílẹ̀ fún Jésù, ẹ jẹ́ kí Òun náà fi sìgá sílẹ̀ fún mi." Fadá rẹ́rìn-ín, ó fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú, èmi ni mo sun imọ̀ ọ̀pẹ ọdún tó kọjá, èyí tí Fadá fi eérú rẹ̀ ń sàmì sí wa níwájú orí. Eérú yìí gbọ́dọ̀ gbẹ, nítorí náà a kì í bu omi sí i. Ìta là ń fi í sí títí á fi tutù dénú. Mo mọ̀. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn tíṣà tuntun. Ṣùgbọ́n aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ gba eérú wà lọ́dọ̀ télọ̀, ẹsẹ̀ mi kò sì balẹ̀. Mo fọwọ́ kan òkè eérú, ó tutù. Mo gbé agolo tí eérú náà wà sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ Fadá wà, ní yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, mo da aṣọ bò ó, mo lọ. Nítorí aṣọ lásán o! Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìrẹ̀lẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, èéfín ni mo rí. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti wọ inú iná lọ gbé àpótí tí búrẹ́dì mímọ́, Ara Olúwa, wà jáde, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ó rí mi, ó ní, "Tíṣà, Ara Olúwa kò jóná o." Nígbà tí wọ́n pa iná tán, mo bá àwọn èèyàn wọlé. Kọ́bọ́ọ̀dù ti di èédú, agolo mi wà láàárín rẹ̀. Wọ́n ń wo òkè àjà tó ń já lulẹ̀. Mo mú agolo náà, mo tì í bọ inú báàgì aṣọ tuntun mi. Ọ̀gá ilé ìwé yíjú sí mi, ó ní, "Eérú ọ̀la ńkọ́?" Mo ní, "Mo gbé e lọ sílé, mà, kó lè tutù dáadáa." Bí irọ́ ṣe jáde wẹ́rẹ́ nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo já imọ̀ tí mo fi há ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ara mi, mo sun ún, mo gbé eérú rẹ̀ wá. Eérú irọ́ ni gbogbo ilé ìwé fi bẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì lọ́dún náà. Fadá fi sàmì sí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ lórí, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé.

Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sìgá. Wọ́n ní bí kò bá jẹ́wọ́, ọlọ́pàá ni àwọn máa pè. Ó ní òun kọ́. Bó bá dúró lé e, wọ́n á wádìí, ìwádìí sì lè dé ọ̀dọ̀ mi. Èyí tó burú jù nìyí, ẹ fetí sílẹ̀. Mo lọ bá a nílé. Ìyàwó rẹ̀ ń fún un lóúnjẹ lẹ́nu, ọmọbìnrin rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ tẹ sìgá yẹn pa?"

"Mo tẹ̀ ẹ́ pa, Tíṣà."

"Ẹ rántí dáadáa o. Èmi rí i tó ń rú èéfín nígbà tí mo ń lọ sọ́dọ̀ télọ̀." Mi ò rí nǹkan kan.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí. "Ó dà bíi pé mo tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ẹ̀yin kì í purọ́."

"Ẹ dìde wí i lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti tán nìyẹn. Òfin wa lẹ mọ̀." Mo sì mọ̀ pé ti ọmọ ilé ìwé nìkan ni òfin yẹn.

Ó dìde, ó wí i, ó ń sunkún. Àwọn ọmọ dáhùn pé, "A ti gbọ́, ó ti tán." Kò tán. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ìgbìmọ̀ òbí lé e, ọmọ rẹ̀ sì kúrò níbí, torí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló fi ní àyè. Ó wá kó kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, Tíṣà. Bí kì í bá ṣe yín, irọ́ pé èmi kọ́ yẹn ni ǹ bá pa wọ sàréè." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo gbà á, mo ní kò tọ́pẹ́. Láti ìgbà náà títí ó fi kú, kò gba Ara Olúwa mọ́. Bẹ́ńṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà yìí ló ń jókòó sí. Ìyàwó rẹ̀ ní ó máa ń sọ pé ẹni tó sun ilé Ọlọ́run, kò yẹ kó jẹun níbẹ̀.

Èmi ni mo kọ́ àwọn òbí yín pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti kọjá ogún ọdún, òtítọ́ ò bá mi, èmi ni mo ní kí n dúró dè é. Mo pẹ́ jù. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ṣe é, ẹ wí i nígbà tí ẹni tí ẹ ṣe é sí ṣì lè gbọ́.

Tíṣà tó fẹ́ di apá mi mú lẹ́ẹ̀kàn, ìwọ ọmọ Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ìwọ lo wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ìwé rẹ. Bàbá rẹ kò sun nǹkan kan. Mo bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní kí o dá mi lóhùn lónìí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má wí fún mi pé ó ti tán. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ dá lóhùn, ìdáhùn tí a fún un tẹ́lẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ ní, "Bàbá, a ti gbọ́. Ẹ̀yin kọ́." Ẹ wí i sókè, kó dé bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà yẹn.