Bí Ọlọ́run Ṣe Ṣí Ilẹ̀kùn Tí Ẹ̀rọ Mi Tì Mọ́ Ìyá Ọkọ Mi

Halelúyà! Ẹ bá mi gbé e sókè, kí wọ́n gbọ́ ọ dé Abobo lọ́hùn-ún! Halelúyà! Ẹ ṣé o. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń ṣe ségesège, ẹ má bínú, orí mi ò tíì balẹ̀ tán. Títí di òní ni nǹkan yìí ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Ẹ mọ̀ mí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ìyá ọkọ mi, Alhaja, ọmọ Ìgbòho, ń ta aṣọ ní ọjà Treichville. Àwọn ló sọ fún ẹgbẹ́ aláṣọ pé, "Ìyàwó ọmọ mi ni kó ṣe site fún wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwa àti oníbàárà lè máa bára wa sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀." Wọ́n fọwọ́ sọ̀yà nítorí mi! Mo ṣe é. Mo to serveur, ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń gbé e fún ẹnì kejì. Mo kọ "test", ó lọ. Mo tún kọ "test", ó lọ. Mo dúpẹ́, mo lọ sùn.

Ọjọ́ tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ni wàhálà dé. Alhaja wọlé, wọ́n kọ̀wé díẹ̀, ẹ̀rọ jù wọ́n síta. Wọ́n tún wọlé, ó tún jù wọ́n síta. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbogbo àgbà ọjà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ "Bonjour, c'est combien?", tí wọ́n kàn ń béèrè iye owó, ń wọlé, wọ́n ń jáde geere. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ̀rọ mọ ọjọ́ orí ni?

Mo pa serveur, mo tàn án. Mo yí port padà, ẹnu ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé. Mo pààrọ̀ certificat, ìwé ẹ̀rí ẹ̀rọ náà. Mo fún Alhaja ní fóònù tèmi. Pàbó! Mo pe Kouadio tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó lọ. Ó wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. "Mais chez moi ça passe, hein! Va te reposer." Ó ní lọ́dọ̀ òun ó ń lọ, kí n lọ sinmi! Báwo ni n ṣe fẹ́ sinmi?

Nítorí Alhaja ti gbà pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọkọ mi ti ọ̀dọ̀ wọn dé, ojú rẹ̀ le. "Kí lo fi Màmá ṣe? Wọ́n ní àwọn ọmọ kéékèèké ń wọlé, ìyá ọkọ ẹ lò ń lé síta lójú gbogbo ọjà." Háà! Mo sáré lọ sí Treichville, mo kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀ wọn. Wọn ò pè mí ní "Ìyàwó mi" bí wọ́n ṣe máa ń pè mí. Wọ́n ní, "Madame, ẹ dìde, oníbàárà fẹ́ kọjá." Ẹ gbà mí o! Ìyá ọkọ mi pè mí ní Madame! Mo sunkún délé.

Mo wá síbí, pásítọ̀ gbàdúrà fún mi. Mo gbọ́ pé Alhaja náà ní kí ààfáà gbàdúrà sí i. Èwo ló kọ́kọ́ débẹ̀, mi ò mọ̀. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run náà ni gbogbo ẹ̀ ń lọ.

Ẹ gbọ́ o! Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní kí n bẹ Alhaja lórí site yẹn gan-an, bóyá wọ́n á rí i. Èèyàn kì í ṣàdédé bẹ ìyá ọkọ, ẹ mọ̀. Mo kọ́kọ́ kí wọn. "Ẹ káàsán, Màmá." Mo fi ránṣẹ́. "Ẹ kú ọjà." Mo fi ránṣẹ́. "Ẹ kú oòrùn." "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." "Ṣé ara le?" Gbà! Ẹ̀rọ jù mí síta! Èmi tí mo ṣe é!

Mo dìde, mo tún jókòó. Mo ṣí serveur, mo ń wo àwọn òfin inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣé nígbà tí mò ń to serveur, mo da òfin kan kọ látorí íńtánẹ́ẹ̀tì: ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ kéékèèké ránṣẹ́ léraléra, oníjàgídíjàgan ni, kó lé e. Wọ́n ń kíni ni o! Àwọn àgbà ò tíì kíni tán tí ẹ̀rọ fi ń lé wọn bí olè. Èmi tí mò ń kọ "test" láti ọjọ́ yìí, mi ò kí ẹnikẹ́ni!

Mo yọ òfin yẹn kúrò. Mo ní kí ọkọ mi bẹ Màmá kí wọ́n tún gbìyànjú. Wọ́n wọlé. Ìkíni ń dé, ó ń dé, ó ń dé. Wọ́n kí mi, wọ́n kí ọkọ mi, wọ́n kí àwọn òbí mi. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wá dé: "Ìyàwó mi, ohun tí mo fẹ́ sọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí, ẹ̀rọ ò jẹ́ n débẹ̀. O ṣé. O gbé mi níyì lọ́jà."

Olúwa, o ṣé! O ṣé, o ṣé, o ṣé! Ìwọ tí ẹni tó o fẹ́ràn ń bínú sí, tó ò sì mọ ohun tó o ṣe, má dákẹ́ àdúrà. Kò di ìgbà tó bá yé ọ kí Ọlọ́run tó ṣe é. Èmi gan-an, kò tíì yé mi tán.

Alhaja ló jókòó sẹ́yìn yẹn o. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fetí ara àwọn gbọ́ ọ. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí ìjọ kí yín. Ẹ̀yin ará, ẹ má kánjú. Ẹ kí wọn tán, kò sẹ́ni tó máa jù yín síta.