Ọmọ Odó Tí Mo Jù Sínú Ọ̀sà

Ẹ̀fọ́rí tí ó ṣe èmi Fáṣuyì lórí ọ̀sà, ní ọdún tí ìbọn Kírìjì sinmi díẹ̀, bí wọ́n bá bù ú sínú agbọ̀n tí wọ́n pín in láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n, kò sí ilé tí kò ní gba agbọ̀n tirẹ̀, yóò sì ṣẹ́kù tí a ó fi ta àwọn Ìjẹ̀ṣà lọ́rẹ. Nígbà tí mo kérora lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ẹyẹ tí ń fò lókè omi já bọ́ sínú ọkọ̀ wa, a tu ìyẹ́ wọn, a sun wọ́n jẹ. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn ní Arámọkọ, ẹ sì máa ń rẹ́rìn-ín títí ojú yín yóò fi ṣomi. Ṣùgbọ́n ikú ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà mi báyìí, ìwọ̀nba ìwé tí mo fi ara àgbà kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ ìjọ kò sì ju èyí tí mo lè fi jẹ́wọ́ lọ. Ẹyẹ kankan kò já bọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó já bọ́ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi ni ó sì ti já. Ǹ bá gbé e lọ sí sàréè jẹ́jẹ́, bí kò ṣe pé ní ìrọ̀lẹ́ àná mo gbọ́ tí àwọn ọmọ yín ń pàtẹ́wọ́ kọ orin Àpọ̀kẹ́ ní ojúde. Obìnrin náà ti kú, àwọn tí ó mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí ti kú, orin náà kò kú. Èmi nìkan ni ó kù tí ó lè pa á.

Fátókun ẹ̀gbọ́n mi a máa ru aṣọ kíjìpá lọ sí etí omi, a sì máa ru iyọ̀ bọ̀. Ní ọjọ́ kan ó dìde, ó ní òun fẹ́ mú àwọn ìyàwó òun lọ gbafẹ́ lórí ọ̀sà, òun kò ní ru ọjà lọ, òun kò sì ní ru ọjà bọ̀. Arámọkọ fi rẹ́rìn-ín títí. Ta ni ń rin ọ̀nà Oǹdó lọ́wọ́ òfo, àfi ẹni tí ogun ń lé? Ṣùgbọ́n Fátókun ní kò sí ohun tí ó dùn bí ọkọ̀ omi: ènìyàn á jókòó, ilẹ̀ á máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kọjá. Ìyàwó méjì ni ó mú. Àbẹ̀bí ni ìyálé, ó ti wà nílé ọkọ kí wọ́n tó já ọmú lẹ́nu mi, nítorí náà orúkọ mi gan-an ni ó ń pè. Àpọ̀kẹ́ ni ìyàwó tuntun, ọmọ Ìkòrò, òun ń pè mí ní Adúmáadán bí ìyàwó ilé ti í fún àbúrò ọkọ lórúkọ. Èmi ni ẹnì kẹrin, nítorí orí tí yóò ru odó ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni, odó. Àbẹ̀bí ní, "Ibi yòówù tí mo bá ń lọ, n kò ní fi uyán sílẹ̀ ní ulé. Àwọn ará etí omi kò mọ̀ ju ẹja lọ." Ó gbé odó lé mi lórí, ó gbé ọmọ odó fún Àpọ̀kẹ́. Ọmọ odó náà, ìyá Àbẹ̀bí ni ó fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó ti gbẹ débi pé ó fúyẹ́, ibi tí ọwọ́ ń dì mú lára rẹ̀ ti ń dán bí orí apárí.

Láti kékeré ni túúlu ti ń ṣe mí, èyí tí ó ń mú ẹ̀gbẹ́ orí kan, tí ojú kò ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, tí ènìyàn yóò máa bì. Ní agbo ilé wa, bí túúlu bá mú ènìyàn, wọn kì í gúnyán títí orí rẹ̀ yóò fi sinmi, nítorí àgbárí aláìsàn ni gbogbo ìró odó ń bọ́ sí. Iṣu sísun àti iṣu sísè ni gbogbo ilé yóò máa jẹ, wọn yóò sì máa wojú rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú òjò. Ẹ wá ronú orí bẹ́ẹ̀ tí ó ru odó láti Arámọkọ dé Àyèsàn tí a ti wọ ọkọ̀. Oòrùn wà lókè, oòrùn mìíràn wà nínú omi, mo wà láàárín wọn bí ẹ̀pà nínú agbada. Òórùn ẹja gbígbẹ ń bọ̀ láti iwájú, orin àwọn awakọ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Mo bì títí mo fi bi oúnjẹ tí bàbá mi jẹ kí ó tó bí mi. Àpọ̀kẹ́ nìkan ni ó sún mọ́ mi. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó rì í bọ omi, ó fi dì mí níwájú orí, ó ní, "Ẹ pa ojú dé, Adúmáadán. Ẹ jẹ́ kí omi máa gbé e lọ." Àbẹ̀bí ní tirẹ̀ wò mí, ó yọ ṣùtì. "Túúlu ilé ni a ń ṣọ́," ó ní. "Èyí tí ó bá ènìyàn jáde lọ gbafẹ́, ìjayé ni." Ilẹ̀ etí omi rọ̀ púpọ̀, odó ń rì nínú ẹrẹ̀, nítorí náà bí a bá gúnlẹ̀ tí a se iṣu tán, inú ọkọ̀ ni Àpọ̀kẹ́, ìyàwó kékeré, ti ń gún un. Olórí awakọ̀, ọkùnrin Ìlàjẹ kan, ní, "Ìyá, ọkọ̀ mi kì í ṣe ilẹ̀ o. Bí ìdí rẹ̀ bá là, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ mu omi." Àbẹ̀bí ní kí ó máa wa ọkọ̀ rẹ̀, òun náà yóò jẹ níbẹ̀. Ó jẹ, kò sì ráhùn mọ́. Ṣùgbọ́n igi ni ọkọ̀, igi ni odó. Bí odó bá dún, gbogbo ọkọ̀ á dáhùn, orí mi sì wà lórí ìdí ọkọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan a so ọkọ̀ mọ́ ìletò kan tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sórí òpó nínú omi. Àwọn awakọ̀ lọ ra ẹja. Fátókun sùn, Àbẹ̀bí sùn. Àpọ̀kẹ́ gbé igbá, ó ní òun ń lọ wá omi tútù tí òun yóò fi pààrọ̀ ti orí mi, nítorí omi ọ̀sà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ odó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èérún iṣu ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo wò ó, ó wò mí. Mo gbé e, mo rọra tì í sómi. Mo rò pé yóò rì. Kò rì. Ó gbé orí sókè bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́, ó yí padà, ó sì ń kan ara ọkọ̀ kó, kó, bí àlejò tí ń wá ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn. Mo fi àjẹ̀ tì í, ó padà wá. Mo tún tì í, omi gbà á, ó ń lọ, ó ń tẹrí ba bí ẹni ń dágbére. Kí ó tó pamọ́ fún ojú, orí mi ti fúyẹ́. Mo sùn bí ọmọ tí ó mumú yó. Ìkà ènìyàn ni mí, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́: oorun yẹn dùn.

Ohùn Àbẹ̀bí ni ó jí mi. "Fáṣuyì, ọmọ odó mi dà?" Mo ní obìnrin kan ni ó yọ láti inú omi, ìyùn kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ní àwọn ará ìsàlẹ̀ omi náà fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gúnyán. Fátókun rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọkọ̀ mú. Àbẹ̀bí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá mi ti kú. Nǹkan tí mo ní tí ọwọ́ rẹ̀ kàn nìyẹn. Níbo ni ó wà?" Bí mo bá ti sọ pé èmi ni, ìbá tán síbẹ̀: èébú kíkan, bóyá ìgbátí kan. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ẹ bi ẹni tí apá ń dùn." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni Àpọ̀kẹ́ ń bọ̀ lórí pákó, ó gbé igbá omi mi dání, ó ń rìn jẹ́jẹ́ kí ó má baà dànù.

A dé Èkó, a gbafẹ́. A rí ilé alájà, a rí ọkọ̀ òyìnbó tí ń yọ èéfín. Púpurú àwọn Ìlàjẹ, òkèlè gbágùúdá, ni a jẹ lọ, púpurú ni a jẹ bọ̀, Fátókun yóò sì bu òkèlè kan, yóò wò ó bí ẹni ń wo àna tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo òkèlè yẹn, Àpọ̀kẹ́ ni Àbẹ̀bí ń wò. "Ìyálé mi, n kò sọ ọ́ nù," ni ó ń wí. "Mo ti gbọ́," ni Àbẹ̀bí ń dá a lóhùn. Nígbà tí a délé, ó yẹ kí n pa ẹnu mọ́, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò mọ ìjókòó. Mo jókòó sí oko mi, mo ṣe orin kan, mo kọ ọ́ sétí àwọn ọmọdé tí ń lọ sódò, mo sì ṣe bí ẹni pé èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni:

Àpọ̀kẹ́ Ìkòrò, apá ń dùn ún,
Ó fọmọ odó ta ẹja lọ́rẹ;
Ẹja gúnyán, ẹja jẹ,
Ọkọ ìyàwó ń pọ́n ata lá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ dòní, èmi ni mo ṣe é. Ní Èkìtì, ẹ lè pe obìnrin ní òmùgọ̀, yóò dárí jì yín. Ẹ má pè é ní ẹni tí ó sá fún odó. Bí Àpọ̀kẹ́ bá wọ agboolé kan, àwọn obìnrin yóò dá odó dúró, wọn yóò na ọmọ odó sí i, wọn yóò máa bi í pé, "Ìyàwó, ṣé ẹja ò sí nítòsí?" Orin náà dé Ìkòrò. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Fátókun pé bí ọmọ àwọn bá jẹ́ ọ̀lẹ, àwọn yóò wá mú un lẹ́yìn ọjà tí ń bọ̀; bí kì í bá ṣe ọ̀lẹ, kí gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ fi ahọ́n kan irin, kí Ògún dá a.

Ibi tí ó burú jù ni mo dé yìí, ẹ jẹ́ kí n gbé itọ́ mì. Fátókun gbé àdá kalẹ̀, ó búra. Àbẹ̀bí búra. Àpọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, ó fi ahọ́n kan irin náà pẹ́, ó ní, "Bí mo bá mọ̀ nípa rẹ̀, kí ọwọ́ mi má gbé ọmọ mi jó." Ó kù mí. Mo di orí mú, mo ṣubú, mo kérora. Gbogbo ilé mọ̀ mí mọ túúlu láti kékeré, wọ́n gbé mi wọlé, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n sì dojú odó délẹ̀. Fátókun ní kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi, bí ara mi bá yá n óò búra. Bí kò bá sì yá kí ará Ìkòrò tó dé, Àpọ̀kẹ́ yóò bá wọn lọ, òun kò lè bá wọn jà lórí ẹjọ́ tí kò parí. Orí mi kò sì fọ́ rárá. Mo dùbúlẹ̀, mo ń ka igi àjà. Gbogbo ilé ń jẹ iṣu sísè nítorí mi. Àpọ̀kẹ́ ni ó ń gbé omi ewé wá, tí ó ń fi wẹ̀ mí lórí. Ó ní, "Adúmáadán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbìyànjú kí ara yín yá. Ẹnu yín nìkan ló kù. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ pé omi yín ni mo lọ wá." Mo kérora. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Mo kérora gidi, ẹ gbà mí gbọ́ nínú èyí.

Ṣùgbọ́n ikùn kò mọ ẹjọ́. Ní ọjọ́ tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí àwọn ará Ìkòrò yóò dé, mo gba ẹ̀yìnkùlé yọ lọ sí ilé opó kan tí ó wà lẹ́yìn tiwa. Ó ti se iṣu, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó ní, "Bí o bá lè gún un, wàá jẹ níbẹ̀." Mo gba ọmọ odó. Aṣọ omi ewé tí Àpọ̀kẹ́ fi dì mí ṣì wà ní orí mi, omi rẹ̀ ń kán sí mi lójú, mo sì ń gún un débi pé òkè Ẹ̀fọ̀n ń dáhùn. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ògiri: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá odó dúró díẹ̀. Aláìsàn kan wà ní ulé wa, ìró yìí lè pa á." Àpọ̀kẹ́ ni. Ó yọ sí mi. Ó wo aṣọ orí mi, ó wo ọwọ́ mi. Igbá omi ewé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbẹ̀bí yọ lẹ́yìn rẹ̀, òun ni ó sọ̀rọ̀. "Fáṣuyì," ó ní, "apá ò mà dùn ọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lè ju nǹkan sómi, omi lè dárí jì yín. Ẹ má gbé e lé ẹlòmíràn lórí, nítorí yóò padà wá kan ara ọkọ̀ yín. Ẹ dákun, ẹ má kọ orin náà mọ́. Bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má kọ orin, orúkọ mi ni kí ẹ fi sí i, Fáṣuyì náà bá a mu. Kí Àpọ̀kẹ́ fi orí jì mí níbi tí ó wà. Ní ọjọ́ yẹn n kò lè wo ojú rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo fo ògiri opó náà, mo gba ojúde, mo gba ọjà, mo ń sáré, mo ń pariwo pé, "Èmi ni. Èmi ni mo jù ú sómi. Omi ló lọ pọn fún mi." Àwọn tí ń lọ sóko sọ ẹrù kalẹ̀ láti gbọ́. Bí mo ti ń wí i ni orí mi ń fúyẹ́, kò fúyẹ́ báyẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kódà lórí ọ̀sà. Mo gbọ́ ẹ̀rín kan láti ọ̀nà jíjìn, mo mọ̀ ọ́n: Àpọ̀kẹ́ kò rín in láti Àyèsàn. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni mo gbọ́ ohùn opó tí ń ké pé kí wọ́n bá òun mú mi. Mo wo ọwọ́ mi. Ọmọ odó rẹ̀ ni mo gbé dání, mo sì ti sáré kọjá odò.