Ìkòkò Tí Wọ́n Fọ̀ De Àlejò

Nínú takisí tó ń gbé wa láti Kétu lọ sí Adakplamè, ìyá àgbà kan àti ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó tì mí, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ wọn pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Ìyá àgbà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi fọ ìkòkò àtijọ́ ilé wa?"

"Ṣebí ìwọ lo pè mí pé àlejò ń bọ̀ wá wò ó láti Kútọnú. Ṣé ìkòkò tí èéfín ti sọ di dúdú ni kí n gbé síwájú àlejò? Mo fi kànìnkànìn àti iyanrìn ha á títí ó fi ń dán."

"Èéfín yẹn gan-an la wá wò. Àwa tá à ń ṣèwádìí ìkòkò àtijọ́, iná àyẹ̀wò kan la máa ń tàn sí i lára. Iná yẹn ló ń fi ohun tí wọ́n fi kùn ún hàn wá, àti epo tó ti gbẹ mọ́ ọn. A kì í ha á. A kì í tiẹ̀ fọwọ́ kàn án."

"Kí ni iná yín wá rí?"

"Amọ̀ lásán. Ẹ̀bi mi ni, Ìyá. Ǹ bá ti sọ fún yín."

"Kí lo fẹ́ sọ? Ìyá tó bí ìyá mi ò bá ẹni tó fi amọ̀ mọ ìkòkò yẹn láyé; èéfín iná ìdáná àwọn ìyá mi ló wà lára rẹ̀."

Ìyá àgbà náà ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wò wọ́n.

"Àlejò ò fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ni mo fọ àwọn ìyá mi dànù."