Bàbá Ó-Tán àti Ilà Ojú Àwọn Àna Mi

Ẹ bá mi hó ìhó ayọ̀ sí Ọlọ́run tó ń da aṣọ bo ẹni tí ojú ń tì! Ẹ tún un hó! Halelúyà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ jókòó níwájú, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bẹ́ ẹ bá ti rí mi, Bàbá Ó-Tán lẹ máa ń rántí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ni mo bá wá. Ojú ń tì mí bí mo ṣe dúró yìí, ṣùgbọ́n oore tí Olúwa ṣe fún mi kò jẹ́ kí n lè jókòó.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni mò ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jáde ní Sátidé. Àpótí àwòrán mẹ́rin péré ni, nísàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn. Inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù ní Bẹẹrẹ ni mo ti ń yà á. Kò sí nǹkan ńlá níbẹ̀. Bàbá kan ni, agbádá rẹ̀ gùn jù ú lọ, fìlà rẹ̀ kì í jókòó lórí. Ó ń sá fún òjò, ó kó sí gọ́tà. Ó fẹ́ ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó da omi sí gààrí tí ìyẹn fẹ́ lọ tà. Tó bá wá di àpótí kẹrin, á káwọ́ lé orí, á ní, "Ó tán!" Òun náà nìyẹn. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín sí i, mo rí yín.

Ṣé ti àwọn òǹkàwé mi ni kí n sọ? Ìyá oníbọ̀ọ̀lì tó wà lọ́nà Mápó máa ń bu ẹ̀pà kún tèmi, ó ní ọkọ òun ni mò ń yà, kí n má dákẹ́. Tísà kan dá mi dúró lójú títì, ó ní kí n bá òun bẹ ìyàwó Bàbá Ó-Tán kó dín ariwo kù. Gbogbo ènìyàn ló ní, "Mo mọ ọkùnrin yìí! Níbo lo ti rí i?" Èmi á rẹ́rìn-ín músẹ́, màá fẹ àyà, màá ní, "Orí mi ni mo ti hun ún. Kò sí ẹni tó ni ín." Ẹ gbọ́ ẹnu mi bí!

Mo sì ṣọ́ra o. Àgbà Ìbàdàn ni mò ń yà, ojú rẹ̀ kò lè wà lásán, ó gbọ́dọ̀ kọlà. Bẹ́ẹ̀, ilà ní ilé. Tí mo bá fún un ní ilà ilé kan, tọmọdé tàgbà ilé náà ló máa wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bá jókòó, mo ṣà á jọ fúnra mi: àbàjà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, pélé kéékèèké méjì dúró lé e lórí, ìbàmú kan ṣoṣo dábùú ẹ̀gbẹ́ imú òsì. N ò rí irú ẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni rí. Mo ní ó dáa, kò sílé tó máa bínú. Mo tiẹ̀ yin ara mi fún ọgbọ́n náà.

Ẹ mọ Rúùtù nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ṣọ́ọ̀bù mi la ti pàdé. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò bèèrè sáìnbọ́ọ̀dù, ó kàn ń wo àwòrán tó wà lórí tábìlì. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Bàbá Ó-Tán ní ọmọbìnrin?" Mo ní n ò tíì rò ó débẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi rò ó." Láti ọjọ́ náà ló ti ń yà lọ́dọ̀ mi tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, títí ọ̀rọ̀ fi di ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Èmi rò pé ẹwà mi ló ń wá wò. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Oníyanrìn ló ń gbé. Bàbá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀. Ojú ìyá kò ríran dáadáa mọ́, kò mọ ohun tí mò ń yà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé, ìyá ní, "Èmi fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ilé bàbá ni wọ́n ti ń fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ lọ rí wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì." N ò dé agbo ilé náà rí láyé mi.

Sátidé la mú. Ẹ rántí pé Sátidé náà ni ìwé ìròyìn ń jáde. Èmi, ìyá mi, àti Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, la kó iṣu, oyin, obì àti orógbó lọ. Wọ́n mú wa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó wá kí àwọn àna rẹ̀. Mo na gbalaja. Mo wá rọra gbé orí sókè kí n lè mọ àwọn tí mò ń kí.

Jésù! Bàbá Ó-Tán ló jókòó sórí àga àárín! Bàbá Ó-Tán mìíràn wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Èyí tó sanra, èyí tó fárí, àwọn ìyá àgbà tó wà lórí ẹní, gbogbo wọn! Àbàjà mẹ́ta, pélé méjì, ìbàmú kan dábùú imú òsì. Mo dá ojú mi padà sílẹ̀ kíá. Wọ́n ní, "Dìde, ọkọ ìyàwó." N ò dìde. Wọ́n tún un sọ. Mo tẹ iwájú orí mọ́ sìmẹ́ńtì. Ìyá mi tí kò mọ nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn lẹ́yìn mi: "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni o! Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn!" Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí àwọn àgbà rí kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Mọ́gàjí ilé náà, ìyẹn bàbá tó wà lórí àga àárín, bèèrè pé, "Kí niṣẹ́ ọmọ wa?" Kí n tó lanu, Bàbá Kékeré ti fò dìde. Ó ní, "Háà, bàbá! Gbogbo Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́n! Òun ló ń ya Bàbá Ó-Tán!"

Àbúrò Mọ́gàjí kan, akọ̀wé ìjọba ni, fa ìwé ìròyìn ọjọ́ náà yọ lábẹ́ tìmùtìmù. Ó na ìka sí àwòrán mi. Lọ́sẹ̀ yẹn, Bàbá Ó-Tán ṣi gèlè ìyàwó rẹ̀ wé bíi láwàní lọ sí ìsọmọlórúkọ, ewúrẹ́ sì ń jẹ etí gèlè náà.

Ó ní, "Ta nìyí?"

Mo ní, "Orí mi ni mo ti hun ún, sà."

Ó ní, "Orí rẹ! Ṣé orí rẹ ló bí bàbá wa ni?"

Èyí tó dùn mí jù ni ti Mọ́gàjí. Kò pariwo. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọdé ti ń pariwo 'Ó tán!' tí mo bá ń kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí. N ò mọ ohun tí mo ṣe fún wọn. Mo rò pé ikú mi ni wọ́n ń retí." Ó wá yíjú sí Bàbá Kékeré, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹrù yín."

Mo gbọ́ tí Rúùtù ń sunkún nínú yàrá. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. A tún ru iṣu náà gòkè lọ sí Bẹẹrẹ, ìyá mi ń fi etí ìró nu ojú. Bí àwọn òǹkàwé mi ṣe ń rí wa ni wọ́n ń kí mi: "Bàbá Ó-Tán! Iṣu yìí mà pọ̀ o! Ta ló fún yín?" Ojú gbà mí tì. Ojú gbà mí tì, ẹ̀yin ará!

Mo sáré lọ bá olóòtú mi. Ó ní, "Ṣé ìyẹn ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Pa ilà náà rẹ́. Ta ló máa mọ̀?" Mo pa á rẹ́. Ojú Bàbá Ó-Tán ń dán gbinrin ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ta ló máa mọ̀? Gbogbo ayé ló mọ̀! Ìyá oníbọ̀ọ̀lì ní, "Ta wá lèyí? Níbo lẹ gbé ọkọ mi lọ?" Kò fún mi lẹ́pà lọ́jọ́ náà. Mo bá fi bírọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. N ò lè ya nǹkan kan mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni mo ti wá dọ̀bálẹ̀ níwájú pẹpẹ, tí mò ń bẹ Ọlọ́run kó gbé ìtìjú yìí kúrò. Pásítọ̀ wa ló fọwọ́ kàn mí léjìká. Wọ́n ní, "Má bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ìtìjú lọ. Bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ọ ní ẹsẹ̀ tí wàá fi padà lọ bẹ̀ wọ́n." Mo gbàdúrà náà. Mo ń múra àtilọ ni Mọ́gàjí fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ogo ni fún Olúwa!

Èmi àti Bàbá Kékeré la lọ. Mo tún na gbalaja síbi tí mo nà sí lákọ̀ọ́kọ́. Mo ní, "Bàbá, mo jẹ̀bi. Ẹ dárí jì mí." Mọ́gàjí ní, "Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Gbé ojú sókè." Àwòrán tí mo pa ilà rẹ̀ rẹ́ ló wà lọ́wọ́ Mọ́gàjí. Ó ní, "Kí ló dé tó o fi pa ojú wa rẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Ó ní, "Ọjọ́ tó o fi wá ṣẹ̀fẹ̀, inú bí wa. Ọjọ́ tó o pa wá rẹ́, ọmọ wa ò jẹun. Rúùtù, jáde wá. Sọ ohun tó o sọ fún wa."

Rúùtù jáde, ó kúnlẹ̀, kò wo ojú mi. Ó ní, "Fọ́tò kan ṣoṣo tí bàbá mi yà, ìkán jẹ ẹ́. Mo ti ń gbàgbé ojú wọn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé búrẹ́dì fún mi, mo tú u, bàbá mi ló ń wò mí yẹn. Ilà wọn ni. Fìlà wọn náà kì í jókòó. Wọ́n kó sí gọ́tà, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Ìyẹn ni mo ṣe wá ṣọ́ọ̀bù yín. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ̀ wọ́n rí ni."

Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ẹ ti sọ pé kò sí ẹni tó ni ín. Ẹ̀rù bà mí pé tẹ́ ẹ bá mọ olówó rẹ̀, ẹ ó pa wọ́n rẹ́. N ò sì mọ̀ pé Bàbá Kékeré á la ẹnu."

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Èmi tí mò ń fẹ àyà ní Bẹẹrẹ pé orí mi ni mo ti hun ún! Ta ló hun ún? Ọlọ́run tó mọ ọmọ òrukàn tó ń gbàgbé ojú bàbá rẹ̀ ló mú ọwọ́ mi yà á, èmi ń gba ọpẹ́ jẹ lọ́dọ̀ oníbọ̀ọ̀lì. Dárí jì mí, Olúwa. O ṣeun, Bàbá. O ṣeun, o ṣeun!

Mọ́gàjí ní, "A ò kọlà fún ọmọ mọ́ nílé yìí. Àwa arúgbó tó o ń wò yìí ló kù. Tá a bá ti lọ, ojú yìí lọ nìyẹn. Dá ilà náà padà. Jẹ́ kó máa ṣubú, àwa náà ń ṣubú. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, jẹ́ kí nǹkan kan bọ́ sí i fún un." Ó wá wo ẹ̀yìn wa. "Iṣu ọjọ́sí dà?"

Bàbá Kékeré họ orí. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. A ti gún un jẹ."

Mọ́gàjí káwọ́ méjèèjì lé orí. Ó ní, "Ó tán!"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, àní akọ̀wé ìjọba yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Èmi nìkan ni ò lè rẹ́rìn-ín, ẹkún ni mò ń sun. A ra iṣu tuntun, a ṣe ìdána, ẹ ó sì bá wa ṣe ìgbéyàwó nínú ilé Ọlọ́run yìí. Halelúyà!

Ẹni tí ojú ń tì láàárín yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má sá. Ibi tí mo ti dojú bolẹ̀ gan-an ni Olúwa ti gbé orí mi sókè. Ó lè jẹ́ pé ibi tí ẹ̀tẹ́ yín wà yẹn náà ni ẹnì kan ti ń retí yín.

Àwòrán tó jáde lánàá, ọ̀pọ̀ yín ló ti rí i. Ilà ti padà. Bàbá Ó-Tán ń fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ, kò ṣubú, fìlà rẹ̀ nìkan ni kò jókòó. Nígbà tí mo dé àpótí kẹrin, n ò mọ ohun tí yóò sọ. Mo gbé bírọ́ọ̀ṣì fún Rúùtù. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ẹnu bàbá náà: "Àbẹ̀kẹ́." Ẹ ti ń bi mí láti àárọ̀ pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oríkì Rúùtù ni. Bàbá rẹ̀ ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì lè pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá náà, torí ẹkún. Èmi tí mo fẹ́ fi ṣaya, n ò gbọ́ ọ rí àfi lọ́jọ́ náà. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀yin ará. Bàbá rẹ̀ tún pè é.